Ìgbín, Ilé Rẹ Dà?

Ọmọbìnrin kan wá kí mi nílé ní Àkúrẹ́ níbí. Kò tíì fẹnu kan omi tí mo gbé fún un tó fi bi mí pé, "Màmá, ṣé irọ́ ni ẹni tó bá ṣẹ̀dá àlọ́ tuntun ń pa ni?"

Tèmítọ́pẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìta-Ògbólú ni, ìlú Oǹdó ló ti ń kàwé, ó sì ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn. Ó fẹ́ kọ ìwé àlọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ látòkè délẹ̀, kó sì kọ ọ́ ní ewì, kí àwọn ọmọdé lè máa fi kọrin. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní àlọ́ tí ẹnì kan bá jókòó kọ kì í ṣe àlọ́, àfi èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wá. Bàbá rẹ̀ tó ń dáko ní Ìta-Ògbólú ní tòun ò pọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà sọ fún òun ẹni tó ń fi àlọ́ jẹun láyé òde òní. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ló gbọ́dọ̀ sọ fún olùkọ́ bóyá òun á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bó ṣe ń rò ó fún mi, mo rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí lásán.

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ohun kan ṣẹlẹ̀ tó pa mí lẹ́nu mọ́, màá sọ ọ́ bó bá yá. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, fún òun àti fún gbogbo ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yẹ iṣẹ́ wò bí ẹni ń yẹ adìẹ wò lọ́jà, tí ẹ ń gbé e sókè, tí ẹ ń fọwọ́ wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ àlọ́ ni mo fi ayé mi ṣe. Orúkọ mi ni Bọ́sẹ̀dé, ṣùgbọ́n Àǹtí Alálọ́ ni wọ́n ń pè mí lórí rédíò.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò lọ títí. Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lára ìpínlẹ̀ Oǹdó, mo wọ ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Àkúrẹ́ gẹ́gẹ́ bí atẹ̀wé. Ọ̀gá wa fẹ́ ètò àlọ́ fún àwọn ọmọdé, ó gbọ́ pé ọmọ Oǹdó ni mí, ó ní kí n lọ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n pa. Owó oṣù ńkọ́? Ó ń wá, ó ń lọ, nígbà mìíràn kì í tiẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ìyẹn.

Ẹni tí mo rí ni Yèyé, obìnrin opó kan tó ń ṣe pupuru ní Oǹdó. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ pupuru, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń rẹ sómi títí tó fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n róbótó bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n á wá tò ó sórí àjà lókè iná kí èéfín yan án gbẹ. Bí ọwọ́ Yèyé bá ti ń mọ pupuru ni ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àwọn àlọ́ tó ń pa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí, nítorí pé òun ló ń ṣẹ̀dá wọn.

Mo sọ fún un pé èmi fúnra mi fẹ́ kọ́ àlọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wo èékánná mi tí mo kùn. Èdè Oǹdó ló sọ, mo kàn ń yí i sí èyí tí gbogbo wa gbọ́ ni.

"O lè gbè?"

Mo ní àlọ́ ni mo wá kọ́, kì í ṣe ègbè.

"Ẹni tí ò mọ orin gbè, kí ló fẹ́ dá? Gé èékánná yẹn kí o wá bá mi mọ pupuru."

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mo ń wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó, èéfín a máa ta mí lójú, òórùn ẹ̀gẹ́ rírà a máa bá mi padà sí Àkúrẹ́ débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì ń ṣí fèrèsé bí mo bá wọlé. Ègbè nìkan ni mo ń gbè. Bí mo bá gbè é yá jù, Yèyé á dákẹ́, á máa wò mí. Bí mo bá gbè é pẹ́ jù, á ní kí n lọ pọn omi. Ó kà á léèwọ̀ pé kí n kọ nǹkankan sílẹ̀. Ó ní bó bá ti wà nínú ìwé, ẹnu á ya ọ̀lẹ.

Ohun tó kọ́ mi gan-an, ọwọ́ ló fi kọ́ mi. Bó bá mú ẹ̀gẹ́ sọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀ ìlà ewì kan, á máa yí i lọ́wọ́, bó bá sì ti mọ ọ́n róbótó tán ni ìlà náà ń tán, á wá fi àtẹ́wọ́ gbá a kó tó gbé e sílẹ̀. Pàá! Ìró yẹn ni àwọn ọmọ àdúgbò tó jókòó tì í ń retí kí wọ́n tó gbè. Ìlà tó bá gùn ju pupuru kan lọ, Yèyé kì í gbà á. Á ní, "Èyí ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Tún un mọ."

Nígbà tó gbà kí n ṣẹ̀dá tèmi, mo ṣẹ̀dá àlọ́ Ìgbín. Ejò lọ bá Ìgbín lọ́jọ́ òjò:

Ejò dé, ara rẹ̀ ń gbọ̀n,
Ó ní, "Ìgbín, òjò pa mí,
Yá mi nílé kí òjò dá."
Ìgbín bọ́ síta, ó yá a nílé.
Òjò dá, Ejò kò padà.

Láti ìgbà náà, gbogbo ẹranko tó bá rí Ìgbín níhòòhò lójú ọ̀nà ló ń bi í pé ilé rẹ̀ dà. Ojú ń tì í láti sọ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Èsì tí mo kọ́kọ́ fi sí i lẹ́nu gùn gbọọrọ: "Ilé mi tí mo yá Ejò lọ́jọ́ òjò ńlá, kò ní pẹ́ tí yóò fi padà wá bá mi."

Yèyé gbọ́ ọ tán. "Oorun á gbé ọmọ lọ kó tó sọ ìyẹn tán. Kí ni Ìgbín fẹ́ sọ gan-an?"

Mo rò ó. Mo ní, "Pé ilé ń bọ̀ lọ́nà."

"Ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ìparí rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ibẹ̀ ló parí sí, Ìgbín kò rí ilé rẹ̀ gbà mọ́. Mo rò pé ọgbọ́n ńlá ni mo dá. Yèyé ju ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sínú ọpọ́n.

"O fi Ìgbín sílẹ̀ síta nínú òtútù, o wá fẹ́ káwọn ọmọ lọ sùn? Ọmọ wo ni yóò rí oorun sùn? Bọ́sẹ̀dé, mú un wọlé."

Mo sunkún lọ́nà Àkúrẹ́ lọ́jọ́ yẹn nítorí ìtìjú. Ṣùgbọ́n mo mú Ìgbín wọlé. Ó wá ilé rẹ̀ káàkiri igbó títí ó fi bá a níbi tí Ejò jù ú sí, ó kó wọ inú rẹ̀, ó ní ibikíbi tí òun bá ń lọ láyé, àwọn méjèèjì ni yóò jọ máa lọ. Ipa omi tí ẹ ń rí lẹ́yìn ìgbín lórí ilẹ̀ títí dòní, omijé ọjọ́ náà ni. Yèyé kò yìn mí. Ó kàn gba orin náà lẹ́nu mi, ó sì ń fi mọ pupuru.

Ìgbà tí mo wá fẹ́ mú Yèyé wá sí Àkúrẹ́ láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ìjà dé. Ẹ mọ̀ pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ikú ìyá ẹni ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ tó bá dán an wò. Lọ́sàn-án, orin àlọ́ nìkan ni Yèyé ń dá sí ẹnu iṣẹ́, àlọ́ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ ké "Ààlọ́ o!" kí oòrùn tó wọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sán nìkan ni wọ́n máa ń fún wa ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi wá, ṣùgbọ́n ó ní òun kàn wá wo ibẹ̀ ni. Bùrọ̀dá Múfú ló ń bójú tó ẹ̀rọ, ọmọ Àkúrẹ́ tí àwọn òbí rẹ̀ wá ṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti ilẹ̀kùn tó nípọn yẹn. Yèyé wo ògiri yípo, ó ń wá fèrèsé.

"Fèrèsé wọn dà?"

"Kò ní fèrèsé, Màmá," Múfú sọ. "Ariwo ni a ò fẹ́."

Yèyé jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ so. "Ilẹ̀ ti ṣú níbí nígbà náà," ni ó wí, ó sì ké, "Ààlọ́ o!"

Ìṣòro kejì ni ọwọ́ rẹ̀. Láìsí ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, kò mọ ibi tí ìlà ń tán, ó ń sọ̀rọ̀ lọ láìdúró. Níkẹyìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo níparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Pàá! Múfú ní àtẹ́wọ́ náà ń ba ohùn jẹ́. Yèyé ní bí wọ́n bá fẹ́ ẹnu òun, wọ́n á gba ọwọ́ òun mọ́ ọn. Báyìí ni ó ṣe wọnú téèpù.

Òun náà ló ní kí n yé gbè lẹ́yìn òun. "Ṣé ìwọ ni mo ń pa á fún? Fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ tó wà nílé." Nítorí náà, Yèyé á kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ègbè, lẹ́yìn àtẹ́wọ́, a wá fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sílẹ̀ tó gba ègbè náà. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé àlọ́ Ìgbín tí Yèyé pa sáfẹ́fẹ́, Múfú fò dìde, ó rò pé ẹ̀rọ ti kú. Kò pẹ́ ni fóònù ké. Ọ̀gá wa ni, láti ilé rẹ̀ ní Alágbàká, ó ń bi mí bóyá mo ti ya wèrè, ta ló ń fi rédíò ìjọba dákẹ́? Kí n tó fèsì, mo gbọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n pariwo pọ̀, "Ilé ń bọ̀ lọ́nà!" Ọ̀gá wúkọ́. Ó ní, "Ẹ máa ṣe é lọ," ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Ọdún wọnnì dùn. Yèyé ń pa tirẹ̀, mo ń pa tèmi, Múfú ń fi abẹ gé ikọ́ àti sísín kúrò lára téèpù, á tún fi gọ́ọ̀mù so ó pọ̀. Ẹ̀ka ọ̀nà tí mo bá gbà ní Àkúrẹ́, ọmọdé á máa pariwo Àǹtí Alálọ́ lé mi lórí.

Yèyé wá kú. Àgbà ni, ó sùn kò jí. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, Akínṣọlá, wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní gbogbo ẹbí ti fẹnu kò pé ní ọjọ́ ìsìnkú, kí wọ́n tó gbé e jáde, àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní ìyẹn kò ṣòro. Mo fi gbogbo ẹnu ṣèlérí.

Mo wọ yàrá téèpù. Páálí wọn wà níbẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ Yèyé sí. Múfú fi ọ̀kan sẹ́rọ. Ọkùnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń ṣí ilé kan, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún un. A fi òmíràn sí i. Ìpàdé. A fi òmíràn. Ìwàásù. A gbọ́ gbogbo wọn tán lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí Yèyé níbì kankan. Téèpù tuntun ti wọ́n, wọ́n sì ti ń gba nǹkan mìíràn lé orí èyí tó wà nílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tá ló ṣe é. Ẹnì kan tó fẹ́ ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló nawọ́ sí páálí tó sún mọ́ ọn.

Múfú ní, "Bọ́sẹ̀dé, omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo jágbe mọ́ ọn pé kó dákẹ́, pé agbè náà wà nínú pósí ní Oǹdó.

Mo lọ sí ìsìnkú náà lọ́wọ́ òfo. Mo sọ ọ́ fún Akínṣọlá níta, lábẹ́ ìbòòji, kí àwọn èèyàn tó pé. Ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, ọkùnrin gìrìpá. Ó tẹjú mọ́ mi.

"Àǹtí, ìyá wa kú lọ́wọ́ wa nílé. Ẹ̀yin wá tún un pa ní Àkúrẹ́."

Mo dìde níwájú ẹbí pé kí n dá orin kan nínú tirẹ̀, ohùn mi kò jáde. Akínṣọlá ní, "Ẹ jókòó." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pàdé rẹ̀ ní Oǹdó, á gba òdìkejì ọ̀nà kọjá. Ó dùn mí wọra, ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Mo ń bá iṣẹ́ lọ. Kásẹ́ẹ̀tì dé, sídíì dé, kọ̀ǹpútà dé. Múfú ju abẹ nù, ó ń fi eku kọ̀ǹpútà gé ikọ́. Àwọn ọ̀gá tuntun ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ò bá ìgbà mu mọ́, kí a fi orin òyìnbó dí i. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ètò náà kúrò pátápátá, mo fẹ̀yìn tì, àlọ́ mi kò sì sí níbì kankan tí mo lè tọ́ka sí. Mo gbà lọ́kàn mi pé agbọ̀n ni mo fi pọn omi láti ìgbà èwe mi. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti bi mí léèrè nígbà náà, mo lè sọ fún un pé kó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ibi tí Tèmítọ́pẹ́ ti wọlé nìyẹn. Lẹ́yìn tó ti rojọ́ tán, ó ní olùkọ́ òun ní kí òun lọ gba ojúlówó àlọ́ kan nílé, kí òun lè fi wé èyí tí òun ń kọ. Ó ti gbà á lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìta-Ògbólú sórí fóònù. "Ẹ gbọ́ ọ, Màmá. Èyí ni àlọ́ gidi. Tèmi ò lè dà bí èyí láéláé." Ó tẹ fóònù.

Ohùn arúgbó kan sọ pé, "Àlọ́ yìí, àwọn baba ńlá wa ló fi lé wa lọ́wọ́." Ó wá dá a:

Ìgbín, ulé rẹ dà?

Pàá! Àtẹ́wọ́ kan ṣoṣo. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ díẹ̀. Agbo ọmọdé sì ké pé, "Ulé ń bọ̀ lọ́nà!"

Ulé ni wọ́n pè é, bí wọ́n ti ń pè é lọ́dọ̀ wọn. Mo di àga mú. Mo bi Tèmítọ́pẹ́ pé kí ló dé tí ìyá àgbà fi ń pàtẹ́wọ́. Ó ní òun náà bi í, ó ní òun ò mọ̀, bí wọ́n ṣe ń pa á nìyẹn. Ọmọ náà ń wò mí, ó rò pé ara mi ò yá. Mo kàn ní kó fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi.

Ní ọjọ́ Ajé, mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Akínṣọlá ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó rí mi, kò ní kí n jókòó. Mo jókòó. Mo ní mo mú nǹkan wá tó yẹ kí n ti mú wá tipẹ́, mo sì tẹ fóònù.

"Èyí kì í ṣe ohùn ìyá mi," ni ó wí, inú ti ń bí i.

"Kì í ṣe ohùn rẹ̀. Ẹ fetí sí i."

Ó gbọ́ àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó gbọ́ èkejì. Nígbà tí ẹ̀kẹta dún, mo rí i tó fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó jábọ́, kò wò ó. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jọ níwájú àyà, ó sì ń yí wọn, ó ń mọ ohun tí kò sí níbẹ̀, bí gbogbo ọmọ Yèyé ṣe mọ̀ ọ́n ṣe láti kékeré. Ìlà tán, òun àti ìyá Ìta-Ògbólú jọ pàtẹ́wọ́ pọ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ó gbè é pẹ̀lú àwọn ọmọ: ilé ń bọ̀ lọ́nà.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ta ló kọ́ wọn?"

"Wọ́n ní àwọn baba ńlá ni."

Ó mi orí. Ó ké sínú ilé pé kí wọ́n gbé omi wá fún Àǹtí Bọ́sẹ̀dé.

Tèmítọ́pẹ́, ìdáhùn mi nìyẹn. Èmi ni mo ṣẹ̀dá àlọ́ gidi tí o gbé wá fún mi gbọ́, Yèyé ló bá mi mú Ìgbín wọlé, ọwọ́ rẹ̀ tó gba orí rédíò dé ọ̀dọ̀ yín sì ni ìyá àgbà rẹ ń pa. Lọ sọ ọ́ fún olùkọ́ rẹ. Sọ ọ́ fún bàbá rẹ náà. Kí o wá lọ kọ tìrẹ, kí ìlà rẹ má gùn ju ohun tí ọwọ́ lè mọ lọ, kí o sì fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ tó wà nílé. Ìyá àgbà rẹ nìkan ni kí o má sọ ọ́ fún. Jẹ́ kó máa pè é ní ti àwọn baba ńlá.